Bí Súfèé Bá Dákẹ́ Láyà Ọmọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 7, ní ikọ́ fée. Lóṣù tó kọjá, a ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé nígbà tí ó dé sí i. Àyà rẹ̀ ń súfèé títí. A fi epo pupa pa á láyà, ìyá ọkọ mi sì ní ká jẹ́ kí ó sùn. Nígbà tó yá, súfèé náà dákẹ́, a dúpẹ́. Àṣé kò tíì tán. Ìgbà tí mo rí i tí ètè rẹ̀ dúdú bí aró ni mo gbé e sórí ọ̀kadà. Ọlọ́run ló yọ wá. Dókítà fún wa ní ínhélà aláwọ̀ búlúù, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ní yóò di bárakú fún un. Kí ni kí n ṣe bí ó bá tún dé? (Ìyá Ọmọ Méjì, Òdógbolú)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ọmọ Méjì, ẹ kú ewu ọmọ. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí ẹ ti ní "súfèé náà dákẹ́, a dúpẹ́" ni ọkàn mi ti fò.

Bí ikọ́ fée bá dé, inú ọ̀nà èémí ọmọ máa ń wú, iṣan tó yí i ká á fún mọ́ra, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sì dí ìyókù. Súfèé yẹn, afẹ́fẹ́ ló ń fipá gba ojú ihò tóóró. Bí ihò náà bá tún wá fún jù bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá kò ní tó èyí tó lè dún mọ́. Bí ó bá dákẹ́ nítorí pé ara ti yá, ọmọ á sọ̀rọ̀, á béèrè oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá dákẹ́ tí oorun òjijì ń kùn ún, tí kò lè sọ gbólóhùn kan tán, tí abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú nígbà tó bá ń mí, tí ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, ẹ má dúró wo nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, bàbá kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé léjìká. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni." Mo fi ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àyà lé e. N kò gbọ́ nǹkan kan lápá ọ̀tún, n kò gbọ́ nǹkan kan lápá òsì. Kò sùn. Gbogbo wa sa ipá wa, ilẹ̀ kò mọ́ bá a. Bàtà rọ́bà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo ṣì ń rí i títí dòní.

Ní ti ohun tí àwọn ará ilé sọ, ínhélà búlúù yẹn kì í di bárakú. Salbutamol ló wà nínú rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ń tú iṣan tó fún. Ó lè mú kí ọwọ́ ọmọ máa gbọ̀n, kí àyà rẹ̀ sì máa lù kìkì fún ìgbà díẹ̀. Ìyẹn kò tó ohun tí ẹ ó torí rẹ̀ fi í pamọ́.

Ẹ jẹ́ kó jókòó dáadáa, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ínhélà sí ọmọdé lẹ́nu lásán, ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń dúró sí, kò ní dé àyà. Sípésà, ìyẹn ike oníhò tí a ń fi sáàárín ínhélà àti ẹnu ọmọ, ni a fi ń gbà á. Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ wá ìgò rọ́bà mínírà tó gba ìdajì lítà. Àwọn dókítà ní Cape Town dán irú rẹ̀ wò fún àwọn ọmọ tí ikọ́ fée dé sí, ìwé ìròyìn Lancet sì gbé e jáde ní 1999: ìgò náà ṣiṣẹ́ bíi ti ilé iṣẹ́. Ẹ fi ọṣẹ ìfọwo fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, ẹ má nù ún. Ẹ tẹ wáyà bí ẹnu ínhélà ṣe rí, ẹ tì í bọ iná títí yóò fi pọ́n, ẹ fi gún ìdí ìgò kí ihò náà bá ẹnu ínhélà mu rẹ́gí. Ẹ ṣe é níta, kí ọmọ má sí nítòsí èéfín rẹ̀. Ẹ ti ẹnu ínhélà bọ ihò náà, ẹ fi sẹ́lótéèpù dí etí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má jò.

Bí ó bá dé, ẹ mi ínhélà dáadáa, kí ọmọ fi ètè pa ẹnu ìgò mọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó mí sínú, mí síta bí ìgbà 5. Ẹ tún mì í, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ má tẹ méjì pọ̀. Ẹ ṣe é tó 4. Bí ara kò bá tù ú, ẹ máa bá a lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí dé 10. Bí 10 kò bá ṣe nǹkan, tàbí tí ẹ rí àwọn àmì tí mo sọ lókè, ẹ ti gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ sì tún fún un nínú ọkọ̀. Ọ̀kadà kò dáa fún un, ẹ bá aládùúgbò tó ní mọ́tò sọ ọ́ láti ìsinsìnyí. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ iye ìgbà tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á fún un ní ọ́síjìn àti prednisolone, oògùn tó ń mú kí wíwú ọ̀nà èémí rọlẹ̀. Prednisolone yìí ń gba wákàtí díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í pẹ́.

Epo pupa kò dé inú àyà. Ẹ má sì rọ ọ́ sí i lẹ́nu tàbí nímú rárá, ó lè gba ọ̀nà èémí wọlé.

Bí ọmọ bá ń lo búlúù ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n fún un ní èyí tí a ń lò lójoojúmọ́ láti dènà rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń yan gàrí, kí ó lọ sílé ẹlòmíràn títí ààrò yóò fi tutù.

Ẹ má bá màmá ọkọ yín jà. Àwọn ló ń wà nílé bí ẹ bá lọ ọjà. Ẹ fi ìgò náà lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lójú yín.