Orúkọ 600 Kò Tó Láti Dá Ilé Dúró

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Káńsù Southwark lẹ ìwé mọ́ òpó iná níwájú ilé wa pé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé alájà 18 sí ẹ̀yìn wa, nítòsí Old Kent Road. Lára ilẹ̀ yẹn náà ni ilé ìjọsìn wa wà, ilé ìkẹ́rù kan tí a ń rẹ́ǹtì ni. A ti kó orúkọ 600 jọ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ọjà. Arákùnrin kan lórí WhatsApp ní tí olúkúlùkù wa bá san £50, òun á bá wa kọ lẹ́tà tó ní agbára òfin. Iye ilé wa máa já wálẹ̀, a ò sì ní rí ojú ọ̀run mọ́. Ṣé 600 tó láti dá wọn dúró, àbí ká ṣì máa wá sí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ àpẹẹrẹ lẹ́tà kan tí gbogbo wa á fọwọ́ sí. (Ìyá Ìjọ kan, Peckham)

Ìdáhùn: Ìyá Ìjọ, ẹ kú àmójútó ìjọ o. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ má fún arákùnrin yẹn ní kọ́bọ̀. Kò sí lẹ́tà tó ní agbára òfin ju èyí tí ẹ bá fọwọ́ ara yín kọ lọ. Ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ àti àdírẹ́sì yín ni káńsù nílò, àti ohun tí ẹ ní lọ́kàn. Mo ti rí irú lẹ́tà olówó bẹ́ẹ̀ rí, tí ẹni tó tà á gbàgbé láti yọ orúkọ àdúgbò mìíràn kúrò nínú rẹ̀.

Ní ti orúkọ 600, mo mọ ibi tí èrò yẹn ti wá. Nílé, tí gbogbo àdúgbò bá tú jáde lọ bá alága tàbí kábíyèsí, ẹni tó wà lórí oyè á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti di ariwo, á sì wá nǹkan ṣe sí i. Àwọn òyìnbó náà ń rò bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé pátákó káàkiri pé "èèyàn báyìí báyìí ti fọwọ́ sí i". Àmọ́ ìbò kọ́ ni wọ́n ń dì. Òfin ọdún 2004 tó de iṣẹ́ yìí ní England sọ pé ìwé ètò àdúgbò ni káńsù gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, àfi tí nǹkan mìíràn tó ṣe pàtàkì bá ní kí wọ́n yà kúrò lórí rẹ̀. Fún yín, ìwé ètò yẹn ni Southwark Plan ọdún 2022 àti London Plan ọdún 2021. Nítorí náà, "èèyàn mélòó ni kò fẹ́ ilé yìí?" kọ́ ni òṣìṣẹ́ planning, ìyẹn ẹni tó ń yẹ ìwé ìkọ́lé wò ní káńsù, ń bi ara rẹ̀. Ohun tó ń wá ni ibi tí ilé náà ti tako ìwé ètò, àti ẹni tó máa pa lára lọ́nà tí òfin kà sí.

Mo ti ṣe iṣẹ́ yẹn nínú káńsù kí n tó kúrò, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ka lẹ́tà yín. Òṣìṣẹ́ náà á ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa to ọ̀rọ̀ inú wọn sí ìsọ̀rí: ìmọ́lẹ̀, ariwo, ọkọ̀, gíga ilé, ilé olówó pọ́ọ́kú. Nígbà tó bá ń kọ ìròyìn tó máa lọ síwájú ìgbìmọ̀, ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan á gba ìpínrọ̀ kékeré kan, pẹ̀lú èsì tiẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà 400 tó bá jọra bí ìbejì á wọ ìlà kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ kan tí èèyàn 600 fọwọ́ sí, ọ̀rọ̀ kan ṣì ni. Tí ẹnì kan péré bá wá mú ohun tí ẹlòmíràn kò rí wá, dandan ni kí òṣìṣẹ́ náà dá a lóhùn. Tí kò bá dá a lóhùn, ibẹ̀ ni lọ́yà ti máa ń rí nǹkan dì mú lẹ́yìn ọ̀la.

Ibì kan wà tí iye ti wúlò o, kí n má purọ́. Ní ọ̀pọ̀ káńsù, tí àtakò bá dé iye kan, òṣìṣẹ́ ò ní lè dá ìpinnu ṣe mọ́. Ó gbọ́dọ̀ dé iwájú àwọn kánsẹ́lọ̀. Iye yẹn yàtọ̀ láti káńsù kan sí èkejì, àwọn mìíràn sì máa ń ka ìwé tí èèyàn 600 fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí àtakò ẹyọ kan. Ilé alájà 18 kò kúkú ní ṣàì dé iwájú ìgbìmọ̀. Yóò tún dé ọ̀dọ̀ Mayor ìlú London, torí ilé tó bá ga ju mítà 30 lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó o létí. Nítorí náà, ẹ sinmi kíkó orúkọ.

Ohun méjì tí ẹ kọ sínú lẹ́tà yín kò wúlò rárá. Iye ilé tó máa já wálẹ̀, òfin planning kì í wò ó, torí kì í ṣe àpò ẹnikẹ́ni ló ń ṣọ́. Ojú ọ̀run tí ẹ ń rí láti fèrèsé náà, ẹnikẹ́ni kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ojú ọ̀run, ibẹ̀ sì ni kí ẹ jókòó sí. Lára ìwé tí àwọn tó fẹ́ kọ́lé fi ránṣẹ́ sí káńsù, tó wà lórí ìkànnì káńsù fún gbogbo ayé, èyí kan wà tí wọ́n ń pè ní Daylight and Sunlight Report. Ìwé gọbọi ni, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ fò lọ sí àwọn tábìlì tó wà ní ìparí. Wọ́n fi nọ́ńbà sí fèrèsé gbogbo ilé tó wà nítòsí, ó ṣeé ṣe kí tiyín wà níbẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ VSC sí, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run tó ń dé ojú fèrèsé. Tí nọ́ńbà náà bá máa lọ sísàlẹ̀ 27, tó sì ju ìdá kan nínú márùn-ún ìmọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ tó máa dín kù, ìlànà BRE (ilé iṣẹ́ ìwádìí lórí ilé kíkọ́) tí gbogbo wọn ń lò gbà pé ẹni tó ń gbé inú yàrá yẹn á mọ̀ ọ́n lára. Ìlànà ni o, kì í ṣe òfin. Ní London tí ilé ti há, wọ́n máa ń gbà kí ó lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo bí irú gbólóhùn yìí ti rí: "Pálọ̀ mi wà ní àjà kejì, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní. Ìwé tiyín fúnra yín sọ pé ó máa pàdánù ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ ọmọ mi ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá." Ẹnì kan kọ ọ́, ó sì tó orúkọ 600. Ẹ tún wọn àyè tó wà láàárín ilé yín àti tuntun náà: ìlànà Southwark ń wá mítà 21 láàárín ẹ̀yìn ilé kan sí èkejì, kí èèyàn má baà máa wo inú yàrá ara wọn.

Ẹ wo ti ilé ọjà Aylesham ní Rye Lane, Peckham, níbi tí Morrisons wà. Ilé 867 ni ilé iṣẹ́ akọ́lé Berkeley fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Southwark Plan ní ó kéré tán, ìpín 35 nínú 100 gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé olówó pọ́ọ́kú. Nígbà tí Berkeley gé e wá sí ìpín 12, àwọn ará àdúgbò tó ń jà rí nǹkan tó gidi dì mú. Nọ́ńbà méjì ni, ọ̀kan nínú ìwé ètò, ọ̀kan nínú ìwé àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Ẹ lọ wo ìpín tí wọ́n kọ sínú ti ẹ̀yìnkùlé yín, mi ò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi kọ́kọ́ wo ibẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ ti ọjà Seven Sisters ní Tottenham, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà níbẹ̀ wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Káńsù Haringey ti fún ilé iṣẹ́ akọ́lé Grainger ní ìyọ̀ǹda láti wó o kọ́. Lọ́dún 2010, ilé ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìyọ̀ǹda náà. Iye èèyàn tó fọwọ́ sí ìwé kọ́ ló fà á. Káńsù ni kò ro ipa tí iṣẹ́ náà máa ní lórí àwọn ẹ̀yà tó kéré, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ní kó rò ó. Kò tán síbẹ̀ o: káńsù tún fún wọn ní ìyọ̀ǹda mìíràn lọ́dún 2012, ọdún 2021 ni Grainger tó fúnra wọn kẹ́rù kúrò. Òfin tó wà lóde báyìí lórí ọ̀rọ̀ yẹn ni Equality Act ọdún 2010, ẹ̀sìn àti ẹ̀yà sì wà nínú rẹ̀.

Èyí ló gbé mi dé orí ṣọ́ọ̀ṣì yín. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí Yunifásítì Roehampton ka ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú tó tó 240 ní Southwark nìkan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà ní ilé ìkẹ́rù bíi tiyín. Ètò Old Kent Road sì ń wá ilé 20,000 lórí ilẹ̀ kan náà. Ìyá Ìjọ, ẹ̀yin tí ilé ìjọsìn yín máa lọ, ẹ̀rí yín ju ti ẹni tó ń sunkún ojú ọ̀run lọ. Ẹ kọ iye èèyàn tó ń wá lọ́jọ́ Sunday, oúnjẹ tí ẹ ń pín, kíláàsì àwọn ọmọdé, àti ibi tí ẹ ti wá àyè lọ tí ẹ ò rí. Ẹ bi káńsù léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kó yín sí.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé orí sókè, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé tiyín. Ṣé káńsù fún ilé ìkẹ́rù yẹn ní ìyọ̀ǹda láti di ilé ìjọsìn rí? Ọ̀pọ̀ pásítọ̀ ni kò béèrè. Tí ẹ bá ti lò ó bẹ́ẹ̀ láìdáwọ́ dúró fún ọdún 10, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ lọ bá lọ́yà kó tó di pé káńsù wá bá yín. Àdéhùn rẹ́ǹtì yín náà, lọ́yà ló ni ín. Èmi kì í ṣe lọ́yà, mi ò sì tíì rí ìwé yín. England nìkan ni ohun tí mo ń sọ yìí kàn o. Ti Scotland àti Wales yàtọ̀.

Ẹ má gbé kúlà jọ̀lọ́fù lọ fún kánsẹ́lọ̀ tó jókòó nínú ìgbìmọ̀. Mo mọ̀ pé ìwà ọmọlúàbí ni lójú yín, àmọ́ ẹ máa kó o sí wàhálà. Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ ni kí ẹ lọ bá, ó lè gbẹnu sọ fún yín níwájú ìgbìmọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín náà lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fún gbogbo ẹni tó ń tako pọ̀. Ẹ yan ẹnì kan tí kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin.

Tí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí ilé náà, ẹ ò ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bí àwọn tó fẹ́ kọ́lé ṣe ní i. Ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló kù, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, owó ńlá sì ni. Ilé ẹjọ́ náà ò ní wò ó bóyá ìpinnu náà dára, bóyá wọ́n tẹ̀ lé òfin ni wọ́n máa wò. Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo lórí lẹ́tà ti ìsinsìnyí.

Mi ò ní kọ àpẹẹrẹ lẹ́tà fún yín, ẹ má bínú. Tí mo bá kọ ọ́, ìlà kan ṣoṣo náà ni lẹ́tà gbogbo yín máa wọ̀. Kí olúkúlùkù kọ tiẹ̀, kí àwọn ọmọ bá àwọn àgbà tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ayé ló lè rí ohun tí ẹ kọ àti orúkọ yín, nítorí náà, ẹ má sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yà àwọn tí ẹ rò pé ó máa wá gbé ibẹ̀, wọ́n á ju lẹ́tà yẹn nù. Ọjọ́ 21 ni wọ́n sábà máa ń fún yín. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé ara òpó iná yẹn. Tó bá ti kọjá, ẹ ṣì fi ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ káńsù máa ń kà á tí ìpinnu kò bá tíì wáyé. Ẹ sì kọ nọ́ńbà tó wà lókè ìwé náà sórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní mọ ilé tí ẹ ń tako.