Kí ni ọmọ lè sọ nípa ìyá rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì ni mí. Ọmọ mi obìnrin tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà fi ìwé The Joy Luck Club tí Amy Tan kọ ránṣẹ́ sí mi. Ó fa ìlà sí abẹ́ ibi tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ inú ìtàn náà ti sọ pé òun kò mọ ohun tí òun lè sọ nípa ìyá òun. Inú bí mi. Ṣé bí àwọn ọmọ tí àwọn ará Ṣáínà bí sí òkè òkun ṣe máa ń tẹ́ńbẹ́lú ìyá wọn nìyí?
Ìyá Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ìwé kíkà. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a tún ibẹ̀ wò, nítorí pé ọmọ náà kò hu ìwà àfojúdi. Jing-mei, tí ó ń jẹ́ June láàárín àwọn ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n ní kí ó jókòó sí àyè ìyá rẹ̀ tí ó ti kú nídìí ayò mahjong. Àwọn ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ sì ní kí ó lọ sí Ṣáínà, kí ó lọ ròyìn ìyá wọn fún àwọn ìbejì tí obìnrin náà fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà nígbà tí ó ń sá fún ogun Japan. Nígbà tí ó fèsì pé òun kò mọ ohun tí òun máa sọ, ẹ̀rù ba àwọn ìyá àgbà wọ̀nyí, nítorí pé àwọn ọmọ tiwọn ni wọ́n rí lójú rẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà nìyẹn. Àwọn ìyá náà béèrè ìgbọràn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ìtàn tí ó gbé ìgbọràn náà ró. Ẹnu bàbá ni Jing-mei ti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbejì náà ní kíkún, lẹ́yìn tí ìyá ti kú.

Irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ láàárín àwọn ará Ṣáínà tí ń gbé ní Amẹ́ríkà. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1882 dí ọ̀nà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń bọ̀ láti Ṣáínà, wọn kò sì fagi lé e títí di 1943. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní San Francisco ní 1906, tí iná sì jó àkọsílẹ̀ ìbí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkùnrin sọ pé ibẹ̀ ni a ti bí àwọn, nítorí pé òfin náà kò dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí a bí sí Amẹ́ríkà àti ọmọ rẹ̀, àwọn kan sì ń ta ìwé fún ẹni tí wọ́n máa pè ní ọmọ wọn. Irú ọmọ orí ìwé bẹ́ẹ̀ á há orúkọ bàbá tí kò bí i sórí, á há ètò ilé inú abúlé tí kì í ṣe tirẹ̀ sórí, kí ó tó lè dáhùn níwájú àwọn aṣọ́bodè ní Angel Island, erékùṣù tí wọ́n ti ń yẹ àwọn àlejò wò ní San Francisco. (Àwa Ìjẹ̀bú tí a ń fi ìdílé yangàn ní Ojúde Ọba, ta ni nínú wa tí ó máa gbà kí a kọ orúkọ onílé-onílé sí ara ibojì òun?) Ọmọ tí ó bá ń béèrè ìdí ọ̀rọ̀ nínú ilé bẹ́ẹ̀ lè mú kí a lé bàbá rẹ̀ padà. Ìtìjú ẹbí tún wà: ìkìlọ̀ ìyá pé kí ọmọ má sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni ni òǹkọ̀wé Maxine Hong Kingston fi bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀, The Woman Warrior, ní 1976, ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ ti arábìnrin bàbá kan tí ẹbí ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Ní tèmi, ìlà tí ọmọ yín fà yẹn, ó fi ń bi yín léèrè ọ̀rọ̀ ni. Ẹ má fi lẹ́tà ìbáwí dá a lóhùn. Ẹ kọ oríkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kí ẹ sọ ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ fún un àti ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fi èyí tí ẹ kò tíì sọ fún un rí nípa ara yín kún un.