Ọ̀dọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ni kí ẹ gba ọ̀rọ̀ owó káńsù lọ

Ẹ ní láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù, kí ló dé tí kò tíì sí oògùn ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò yín, ta sì ni kí ẹ lọ bá. Ẹ̀ka ìṣúná káńsù ni mo ti fẹ̀yìn tì, ohun tí mo fojú rí ni màá sọ.

Oṣooṣù ni alága wa máa ń lọ sí olú-ìlú ìpínlẹ̀ fún ìpàdé JAAC, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ àti káńsù tó ń pín owó tó ti Àbújá wá. Tó bá dé, ìwé kan ṣoṣo ló máa ń kó lé wa lọ́wọ́. Ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò àpapọ̀, èyí tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ jọ ń pín, ni ti ìjọba ìbílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, yàtọ̀ sí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí ọjà (VAT), nítorí náà iye tó wà lókè ìwé yẹn kì í ṣe kékeré. Àwọn ohun tí wọ́n ti yọ ló tò sábẹ́ rẹ̀: owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì, ti àwọn lọ́balọ́ba, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́. Ìwọ̀nyẹn kò dùn mí, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbowó. Èyí tó máa ń ká mi lára ni ìlà kan nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ "iṣẹ́ àpapọ̀" sí. Kò sí rìsíìtì, kò sí orúkọ iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì bi wá bóyá a fẹ́ ẹ. Tí a bá ti inú èyí tó ṣẹ́ kù sanwó oṣù tiwa tán, kì í sí owó epo fún katapílà tí a fi ń túnnà ṣe. Nọ́ọ̀sì wa ń fowó ara rẹ̀ ra ìbọ̀wọ́ tó fi ń gbẹ̀bí.

Ìdájọ́ 11 oṣù Keje 2024 yẹn dára, inú mi dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé òfin 1999 sí abala 162. Ẹsẹ kẹfà ló dá àpò àjọpín sílẹ̀, níbi tí owó gbogbo káńsù ìpínlẹ̀ kan ń wọ̀ sí. Ẹsẹ kẹjọ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ni yóò ṣòfin lórí bí wọn yóò ṣe pín owó inú rẹ̀ fún àwọn káńsù. Abala 7 náà fi ìnáwó káńsù sábẹ́ òfin ìpínlẹ̀. Ẹ wo Anambra: ìdájọ́ yẹn ò tíì pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n fi ṣòfin pé kí àwọn káńsù máa dá lára owó wọn padà sínú àpò àjọpín.

Nítorí náà, òfin tó dárúkọ gbogbo ohun tí wọ́n lè yọ nínú owó káńsù ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ aṣòfin ìpínlẹ̀ yín, kó sì ní wọn ò gbọ́dọ̀ yọ ohun mìíràn àfi tí àwọn káńsẹ́lọ̀ bá dìbò sí i. Kí owó oṣù olùkọ́ ṣáájú nínú rẹ̀ o. Ẹ̀rù ń ba NUT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, pé owó wọn lè di àwátì lọ́wọ́ alága, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ẹ má gbàgbé ẹsẹ keje abala 162 yẹn: ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ san lára owó tó ń wọlé fún òun fúnra rẹ̀ fún káńsù. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀, n kò rí i kó wọlé rí.

Kí wọ́n tó gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ lápá ìparí ọdún ni kí ẹ lọ. Tí ẹ bá kàn sọ fún aṣòfin yín pé káńsù ò ṣiṣẹ́, alága ni yóò ní kí ẹ lọ bá. Ọ́fíìsì akáńtáǹtì àgbà ìjọba àpapọ̀ máa ń gbé iye tó kan káńsù kọ̀ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ kọ àwọn oògùn tí kò sí sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ ní kí aṣòfin náà bá yín gba ìwé JAAC ti oṣù kan náà. Ẹ má mú nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn yẹn dání o, ẹ má sì dárúkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, kò ṣòro fún wọn láti gbé e lọ sí ibi tó jìnnà sílé rẹ̀.