Ẹ má fojú di yìnyín ọ̀nà Kansas

Àǹtí, ẹ kú ìmúra ìrìnàjò. Ẹ ní ẹ fẹ́ gbé màmá yín tí wọ́n wá kí yín láti ilé, pẹ̀lú ọmọ méjì, láti Kansas City lọ wo òkè ní Colorado nínú oṣù kẹfà. Ẹ wá ń béèrè pé ṣé kí ẹ wa ọ̀nà Denver tán lóòjọ́ ni àbí kí ẹ sùn lọ́nà. Màá dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tiwa, torí ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ọ̀nà yẹn kàn tẹ́ lọ bẹẹrẹ ni, pé oorun nìkan lọ̀tá awakọ̀ níbẹ̀, yìnyín ò tíì nà án rí ni.

I-70 ni ọ̀nà náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, nǹkan bíi 600 máìlì, wákàtí 9 bí ẹ ò bá dúró. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ máa lọ. Títí dé Topeka ẹ óò san owó ọ̀nà. Láti 2024, wọn ò gbowó lọ́wọ́ èèyàn mọ́ níbẹ̀, ẹ̀rọ ló ń ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ háyà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ọkọ̀ ni bíìlì máa kọ́kọ́ lọ, àwọn náà á sì fi tiwọn lé e kó tó kàn yín. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.

Lẹ́yìn Topeka ni ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè, tí á tún rọlẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n sá tí atẹ́gùn wọ abẹ́ ẹ̀. Flint Hills nìyẹn. Òkúta pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ débi pé àwọn àgbẹ̀ ò rí i tú, ìyẹn ni koríko fi kù síbẹ̀. Koríko gíga tó bo àárín Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, èyí tó kù nínú ẹ̀ ò tó 4 nínú 100, Flint Hills sì ni púpọ̀ nínú ẹ̀ wà. Wọ́n máa ń sun ún lẹ́yìn tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀, bí a ṣe ń sun pápá nílé, àmọ́ nínú oṣù kẹfà á ti tutù yọ̀yọ̀ padà. Ìyá ọkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wo ìta títí, wọ́n ní, "Ọ̀dàn kúkú nìyí. Àwọn Fúlàní dà?" Màlúù wà níbẹ̀ lóòótọ́, darandaran ni a ò rí.

Abilene, Salina, Russell, ẹ óò rí wọn lórí pátákó. Ẹ rọ epo, ẹ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ máa lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti bàjẹ́ rèé. Aago 10 àárọ̀ ni a kúrò nílé, torí a ń di mọ́ínmọ́ín sínú kúlà, ọkọ mi sì ń wá ṣájà. Láàárọ̀ yẹn, ọkùnrin tó ń sọ ojú ọjọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òjò lè ṣèèṣì rọ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ṣèèṣì! Ọkọ mi ti pa ariwo ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ lórí fóònù wa torí ó máa ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ. Nígbà tí a fi máa kọjá Colby, aago 5 ìrọ̀lẹ́ ti lé díẹ̀, èmi ni mo wà nídìí ọkọ̀, òun ń sùn.

Ojú ọ̀run tó wà níwájú wa dúdú, àmọ́ dúdú náà ní àwọ̀ ewédú lábẹ́. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Mo rò pé òjò lásán ni. Mo gbọ́ "kọ́" lórí òrùlé ọkọ̀. Mo tún gbọ́ "kọ́, kọ́." Màmá ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, "Yìnyín ni! Ẹ dúró kí àwọn ọmọ ṣa díẹ̀." Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, a máa ń gbé abọ́ sá sójò nígbà tí a wà ní kékeré, tí a ó máa sọ ọ́ sẹ́nu. Ẹnu wọn ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà tí èyí tó tó ẹyin adìẹ fi balẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Láti ìgbà náà, mi ò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ mọ́. Ó dà bí ìgbà tí tírélà bá ń da òkúta sórí páànù. Tírélà kan níwájú dúró sábẹ́ bíríìjì, mọ́tò méjì dúró tì í, àwọn tó tẹ̀ lé wọn náà rọ́ síbẹ̀, ọ̀nà dí pátápátá. Àwa tó kù lẹ́yìn wà ní gbangba, yìnyín ń lù wá, a ò lè lọ, a ò lè bọ̀. Àǹtí, mo bẹ̀ yín, ẹ má dúró sábẹ́ bíríìjì láé. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ríran, ó lè sáré kọ lù yín. Tó bá sì jẹ́ ìjì líle tó ń yí bírí yẹn, tí wọ́n ń pè ní "tornado", ló dé, abẹ́ bíríìjì ló ti burú jù, torí atẹ́gùn á fún ara ẹ̀ pọ̀ kọjá níbẹ̀, á sì gbá èèyàn lọ. Bí òjò bá ti ń ṣú bẹ́ẹ̀, ẹ yà kúrò lọ́nà, ẹ wá ilé epo tó ní òrùlé tàbí ilé gidi.

Ohun kejì tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi: gíláàsì iwájú ní awọ kan láàárín, ó lè sán, kò ní tètè wó wọlé. Ti ẹ̀gbẹ́ kì í sán, wóró wóró ló ń fọ́. Torí náà, bí yìnyín bá ká yín mọ́ gbangba, iwájú ọkọ̀ ni kí ẹ kọ sí i, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ lèmi kọ sí i. Fèrèsé ọ̀dọ̀ màmá ló fọ́. Kó tó fọ́, wọ́n ti tú ìró òkè, wọ́n ti fi bo àbíkẹ́yìn mi lórí, wọ́n wá dọ̀bálẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú 8 péré ni gbogbo ẹ̀, mo wo aago. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, mò ń ṣa gíláàsì kúrò lára ìró àdìrẹ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Títí dòní, bí mo bá fọ ọ́, ọwọ́ mi ṣì máa ń wá a.

Ọlọ́pàá ojú pópó dé lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ parí. Ó kan gíláàsì, ó ní a ò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀. Mo fi fèrèsé hàn án, mo fi ìyá àgbà hàn án. Ó ní ká máa lọ sí ìlú tó kàn. Kò béèrè pé ṣé ẹnikẹ́ni farapa. Báyìí la ṣe fi ọ̀rá àti téèpù dí fèrèsé, tí a rọra wọ́ dé Goodland, ibi tí gbogbo ayé náà ti sá lọ.

Ẹ gbọ́ ti ọkọ̀ háyà o. Ọmọkùnrin tó wà ní káńtà ti sọ fún mi pé ìṣúráǹsì tí mo ní tó, pé kí n má wulẹ̀ ra tiwọn. Nígbà tí a dá ọkọ̀ padà, ẹlòmíì ló jáde, ó gbé tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó ń ka ihò. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ti dà bí ọpọ́n ayò. Ó ka 67. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé ìṣúráǹsì tèmi, mọ́tò ẹni tí mo bá gbá ló ń tún ṣe, kò bá mi dé ọ̀rọ̀ yìnyín rárá. "Comprehensive" ni orúkọ èyí tó ń san owó yìnyín. Èyí tí wọ́n ń pè ní "collision" kò kàn án, torí ẹ ò gbá nǹkan kan. Wọ́n tún bu owó ọjọ́ tí ọkọ̀ fi wà lọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì-bítà lé e. Oṣù 5 ni mo fi bá wọn fà á. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pe ìṣúráǹsì yín, ẹ bi wọ́n báyìí gan-an pé: "Bí yìnyín bá ba ọkọ̀ háyà jẹ́, ta ló ń san án?" Kí wọ́n kọ ìdáhùn ránṣẹ́. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu.

Màmá yín ńkọ́, ṣé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Tiwa ní in. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó ní ara wọ́n dá ṣáká fún ìrìnàjò. Kò bi wá pé ibo là ń lọ. Denver fúnra ẹ̀ ga ní 5,280 ẹsẹ̀ bàtà sókè òkun. Trail Ridge Road, nínú Rocky Mountain National Park, dé 12,183. Ọjọ́ kejì tí a dé Denver la gbé wọn gun ibẹ̀, orí fọ́ wọn, èébì gbé wọn, mi ò gbádùn sínóò orí òkè tí gbogbo èèyàn ń yà ní fọ́tò. Ẹ sọ iye gíga yẹn fún dókítà yín lójúkojú. Ẹ sun òru méjì ó kéré tán ní Denver, kí wọ́n máa mu omi, kí ẹ tó gòkè. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, jíà kékeré ni kí ẹ fi sọ̀, ẹ má tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ títí á fi máa rùn. Ẹ yẹ ìkànnì ọgbà náà wò pẹ̀lú, torí wọ́n máa ń fẹ́ kí èèyàn gba àkókò ìwọlé sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.

Ìbéèrè yín gan-an, mo ti fẹ́ gbàgbé ẹ̀: ẹ sùn. Hays ni kí ẹ sùn, nǹkan bíi wákàtí 4 sí Kansas City. Kì í ṣe torí ó máa rẹ̀ yín. Ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni òjò burúkú ibẹ̀ sábà máa ń dìde. Bí ẹ bá kúrò ní Hays ní aago 7 àárọ̀, ẹ óò ti kọjá Goodland àti Burlington kí ó tó jí. Aago á tún fi wákàtí kan padà sẹ́yìn fún yín kí ẹ tó dé Goodland, ẹ lè dé Denver kí ọ̀sán tó pọ́n. Láàárín Hays sí ibẹ̀, ẹ má jẹ́ kí epo wálẹ̀ ju ìdajì lọ.

Bí ẹ bá sì ní àyè ní Hays lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Nicodemus kò jìnnà síbẹ̀. Àwọn èèyàn dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ló tẹ ìlú náà dó ní 1877. Inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, torí igi ò sí láti fi kọ́lé. Ìgbà tí à ń padà bọ̀ la yà síbẹ̀. Màmá ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Nínú yìnyín yẹn?"

Lẹ́yìn Limon, ìlú kan ní Colorado, ni ẹ óò kọ́kọ́ rí òkè, bí ojú ọjọ́ bá mọ́. Kò ní jọ òkè. Á dà bí nǹkan aláwọ̀ aró tó sùn sísàlẹ̀ ọ̀run, tí orí ẹ̀ funfun. Ẹ tètè sọ fún màmá yín. Tiwa fa aṣọ mi lẹ́yìn, wọ́n ní kí n yí ọkọ̀ padà kíá, pé òjò ló tún ṣú yẹn. Mo ní, "Màmá, òkè tí à ń lọ wò ni." Wọn ò gbà. Wọ́n tú ìró, wọ́n fi bo ọmọ, ó sì di Denver kí wọ́n tó ká a kúrò.