Ṣé eérú ni eérú òkè ayọnáyèéfín?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣé òwe yìí bá eérú tí òkè ayọnáyèéfín ń tú mu?

Ìdáhùn: Kò bá a mu, àbúrò. Orúkọ yẹn ló ń tàn wá. Eérú tiwa ni ohun tó ṣẹ́kù nígbà tí iná bá jó igi tán. Àwọn aláró mọ̀ ọ́n: wọ́n á da omi sí i, omi á sẹ́ gba inú rẹ̀, á sì gba agbára rẹ̀. Ohun tí òkè ń tú kò jóná rárá. Òkúta yíyọ́ ni, tí gáàsì há sí nínú. Bí gáàsì náà bá rí ọ̀nà, á tú bí mínírà tí wọ́n mì kí wọ́n tó ṣí i, á fọ́ òkúta náà kúnná. Èyí tí kò bá tó mílímítà 2 ni wọ́n ń pè ní eérú. Dígí pọ̀ nínú rẹ̀, kì í sì yòrò nínú omi. Ká ní èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ, ìyẹ̀fun òkúta ni ǹ bá pè é.

Atẹ́gùn tó ń gbé eérú padà sójú ẹni tó dà á ni òwe yẹn ń wò. Nígbà tí òkè Vesuvius bú gbàmù ní Ítálì lọ́dún 79, gúúsù ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn fẹ́ sí, ìlú Pompeii ló sì wà níbẹ̀. Òkúta fúyẹ́fúyẹ́ àti eérú rọ̀ lé e lórí fún nǹkan bíi wákàtí 18, ó ga ju mítà 2 lọ, òrùlé ń wó. Ìlú Herculaneum ló sún mọ́ òkè náà jù, síbẹ̀ díẹ̀ ló kàn án nínú òjò eérú yẹn. Ó di òru kí ìkùukùu gbígbóná tó ń sáré nílẹ̀ tó wá bò ó, ó kó nǹkan bíi mítà 20 lé e.

Bí eérú náà bá balẹ̀ tán, kì í dúró bó ṣe balẹ̀. Òjò àti ìwúwo ara rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ rẹlẹ̀. Òkúta ńlá tó bá já lé e á tẹ àwọn ìpele abẹ́ rẹ̀ kòtò. Bó bá ṣì gbóná gan-an, àwọn òkúta inú rẹ̀ á pẹlẹbẹ bí àkàrà tí a fọwọ́ tẹ̀, gbogbo rẹ̀ á lẹ̀ pọ̀ di àpáta.

Omi ló burú jù. Òkè Pinatubo ní Philippines bú gbàmù ní June 15, 1991, ìjì líle sì kọ lù ú lọ́jọ́ náà gan-an. Eérú tó mu omi wó òrùlé lé àwọn èèyàn lórí. Ọdún 4 lẹ́yìn náà, òjò ṣì ń ṣàn án wá bí ẹrẹ̀, ó sì bo ìlú Bacolor. Ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà ló wà nínú ilẹ̀ títí dòní.