Ṣé Ẹ̀rù Tó Ń Bà Mí Ti Pa Ìgbàgbọ́ Mi Ni?

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ọjà Jagun ni mo ti ń ta èlùbọ́ àti gàrí. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu baálé mi, kò lè gbé apá ọ̀tún rẹ̀ mọ́. Owó tí mo yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù la ti ná sórí ìtọ́jú rẹ̀, oṣù tó ń bọ̀ ni sísan. N kì í rí oorun sùn lóru mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ìlẹ̀kùn, àyà mi á já. Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà wa ní ẹni tó bá ń bẹ̀rù kò nígbàgbọ́. Wòlíì kan sì ní ká kó oògùn dànù, ká wá owó àdúrà ọlọ́jọ́ méje. Ṣé ìgbàgbọ́ mi ti bàjẹ́ ni?
Ìyá Elélùbọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú àfaradà. Ọlọ́run á gbé Bàbá dìde.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni kí n kọ́kọ́ sọ, nítorí kò gba ìdúró. Má kó ẹyọ kan dànù! Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun tó sábà máa ń fa àrùn yìí, ẹni tó bá ṣàdédé dá oògùn rẹ̀ dúró, ó lè tún kọlù ú. Kí Bàbá má sì pa ìdárayá tí wọ́n bá ní kó máa fi apá yẹn ṣe tì. Ìlú wo la tiẹ̀ wà? Ní 1907 ni Dókítà George Green dé Ògbómọ̀ṣọ́ yìí. Míṣọ́nnárì ni, oníṣègùn sì ni. Bíbélì àti ìgò oògùn kò bá ara wọn jà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti owó àdúrà, nígbà tí ẹ̀tẹ̀ Náámánì san nípa ọ̀rọ̀ wòlíì Èlíṣà, ó fẹ́ fún un ní fàdákà àti wúrà tó kó wá, Èlíṣà kọ̀ ọ́. Géhásì, ìránṣẹ́ Èlíṣà, ló sáré tẹ̀lé Náámánì lẹ́yìn láti gbà á, ẹ̀tẹ̀ ló fi ṣèrè. Ó tán.

Ẹ̀rù wá ńkọ́? Èlíjà tó pe iná sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì, ìhàlẹ̀ Jésébẹ́lì lásán ló lé e wọ aginjù. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó wá bá a kò bá a wí rárá. Àkàrà àti omi ló gbé síwájú rẹ̀. Ó jẹ, ó tún sùn, áńgẹ́lì tún jí i kó tún jẹun. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó rin ìrìn ogójì ọjọ́. Ìwọ tí ò ń wọn èlùbọ́ fún gbogbo ọjà, ìgbà wo lo ti ro àmàlà fún ara rẹ gbẹ̀yìn, tí o jókòó jẹ ẹ́?

Kí arábìnrin yẹn lọ ka Máàkù orí 14. Ní Gẹtisémánì, ọkàn Jésù gbọgbẹ́ dójú ikú, ó sì bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n bá òun ṣọ́nà. Àbí òun náà kò nígbàgbọ́ ni? Ìwọ ka Sáàmù 88 lóru tí oorun bá dá lójú rẹ. Ẹkún ló kún inú rẹ̀, inú òkùnkùn ló sì parí sí, síbẹ̀ Ọlọ́run ni ẹni tó kọ ọ́ ń sunkún sí lára. Wọn kò yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì. Ìwọ náà ṣì ń pè é. Ìgbàgbọ́ rẹ kò bàjẹ́.

Gbèsè ló kù. Má dúró de ọjọ́ sísan. Lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ yín lọ́sẹ̀ yìí, ìwọ àti onídùúró rẹ, kí o mú ìwé ilé ìwòsàn dání. Iye tí apá rẹ ká lóṣooṣù ni kí o dárúkọ, má jẹ́ kí ìtìjú mú ọ dárúkọ iye ńlá. Díẹ̀díẹ̀ tó ń wọlé tẹ́ ẹgbẹ́ lọ́rùn ju kí wọ́n máa wá onígbèsè kiri. Bí onídùúró rẹ bá sì jẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, bẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ pé kó jẹ́ kí ìwọ fúnra rẹ sọ̀rọ̀.