Ọmọ-ọmọ mi ń he bọ́ọ̀lù lẹ́yìn gọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà: ṣé kò léwu?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní Maryland fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, dúró lẹ́yìn gọ́ọ̀lù níbi táwọn gìrìpá ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ti ń fi igi tó ní àwọ̀n lórí ju bọ́ọ̀lù. Lacrosse ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa he bọ́ọ̀lù tó bá jáde. Àwọn tó ń ṣeré dé akoto, òun ò dé nǹkan kan. Mo pariwo, bàbá rẹ̀ ní òun náà he bọ́ọ̀lù ní pápá wa níbí, nǹkan kan ò ṣe òun. Ṣé àṣejù ni mò ń ṣe? – Ìyá àgbà, Ìsánlú.

Ìdáhùn: Ọ̀kun o, Màmá. Kì í ṣe àṣejù rárá. Bọ́ọ̀lù tí bàbá rẹ̀ hé ní Ìsánlú, afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Èyí, rọ́bà tó le gbagidi ni látinú dé òde, kò tóbi ju ọsàn kékeré lọ, ó sì wúwo tó gíráàmù 145. Igi alápò yẹn ń ṣiṣẹ́ bíi kànnàkànnà: ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n lò lè ju bọ́ọ̀lù náà kó sáré tó 120 kìlómítà ní wákàtí kan. Èyí tí kò bá wọlé, ọ̀dọ̀ ọmọ yín ló ń bọ̀.

Òfin eré náà tún dá kún un. Bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ta sí gọ́ọ̀lù bá jáde, ẹgbẹ́ ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ ló ni ín. Nítorí náà, wọ́n á sáré tìgitìgi lọ síbi tí ọmọ náà wà.

Àyà rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí ohun líle bá gba àyà ní ìṣẹ́jú bíńtín kan tí ọkàn ń múra láti tún lù, ọkàn lè dẹ́kun lílù, kó máa gbọ̀n lásán, láìjẹ́ pé egungun ṣẹ́ tàbí pé àìsàn wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Commotio cordis là ń pè é. Egungun àyà ọmọdé ṣì rọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń mú àwọn ọmọdé àtàwọn ọ̀dọ́ jù. Nítorí rẹ̀ ni àwọn sẹ́kọ́ńdìrì Amẹ́ríkà ṣe sọ aṣọ ààbò àyà di dandan fún aṣọ́lé ní 2021, àti fún gbogbo ọkùnrin tó ń ṣeré náà ní 2022.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ kéré. Ní 2002, nínú ìdíje àṣekágbá baseball, eré tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ọmọ ọdún mẹ́ta kan tó lọ he igi náà bọ́ sójú ọ̀nà àwọn tó ń sáré bọ̀, J.T. Snow, ọ̀kan nínú àwọn eléré, ló fà á kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 14 kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ náà mọ́. Èmi náà fara mọ́ ọdún 14 yẹn.

Ẹ pe bàbá rẹ̀. Ẹ ní kó wo fídíò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kó ka iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Wọ́n máa ń to bọ́ọ̀lù sẹ́bàá ìlà ṣáájú eré. Kí ọmọ náà bá wọn tò ó, kó sì dúró sọ́dọ̀ kóòṣì títí wọ́n á fi fọn fèrè ìsinmi. Bí wọ́n bá ní dandan ni kó wà lẹ́yìn gọ́ọ̀lù, akoto tó bo ojú àti aṣọ ààbò àyà ni o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa bọ̀ nílé. Kí bàbá rẹ̀ sì bèèrè ibi tí ẹ̀rọ tó ń ta ọkàn jí wà ní pápá náà. Bí bọ́ọ̀lù bá gba ẹnikẹ́ni láyà tó ṣubú tí kò dáhùn, kí ẹni tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹnì kan pe 911, kí ẹlòmíì sá lọ gbé ẹ̀rọ náà wá.